OpenRC ni àbí systemd? Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti aago tó ń padà sẹ́yìn

Ìbéèrè:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ LAUTECH ni mí, Under G ni mò ń gbé. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti gbé Gentoo (irú Linux tí èèyàn fúnra rẹ̀ ń kọ́ àwọn ètò rẹ̀ láti source, ìyẹn kóòdù tí wọ́n fi kọ wọ́n) sórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mi. Core i5 ìran kẹrin ni, RAM 4GB. Bátìrì rẹ̀ ti kú pátápátá, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, òun náà kú nìyẹn. OpenRC ni mo yàn ní init, ìyẹn ètò tó ń jí àwọn iṣẹ́ yòókù nígbà tí ẹ̀rọ bá tàn; systemd ni èkejì tí èèyàn lè yàn.

Lọ́jọ́ tí iná bá wà láti àárọ̀ títí di alẹ́, kì í yọ mí lẹ́nu. Tí wọ́n bá mú iná lọ mọ́jú, tí mo bá tún un tàn láàárọ̀, emerge --sync, àṣẹ tó ń gba àtòjọ tuntun àwọn ẹrù (package) Gentoo wá, á ní òun ò gba ìfọwọ́sí gpg, èdìdì tó ń jẹ́rìí pé àtòjọ náà kì í ṣe ayédèrú. Tí mo bá ní kí n kọ́mpáìlì nǹkan, ìyẹn kí n kọ́ ọ láti source, èyí ló máa kọ:

configure: error: newly created file is older than distributed files! Check your system clock

Àwọn ẹrù ńlá bíi llvm (irinṣẹ́ fún kíkọ́ ètò) sì máa ń kú sójú ọ̀nà, yálà iná wà tàbí kò sí: "c++: fatal error: Killed signal terminated program cc1plus". Mo fi MAKEOPTS="-j8" sí i bí mo ṣe rí i lọ́dọ̀ ẹnìkan. Wi-Fi náà ò dé mọ́ láti ìgbà tí mo ti fọwọ́ ara mi kọ́ kernel (ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ), okùn fóònù ni mo fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rẹ́ mi méjì ní OpenRC ló fà á, pé kí n kó lọ sí systemd. Ọ̀kan nínú wọn kó lọ, tiẹ̀ sì dáa lóòótọ́. Ṣé kí n kó lọ? Ìdánwò ti sún mọ́lé.

* * *

Àbúrò mi, dúró ná. Má pa init dà nígbà tí ìdánwò wà nílẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe ẹ̀rọ rẹ, o kó wọn sínú àpò kan ni. Ọ̀kan ni aago, ọ̀kan ni RAM, ọ̀kan ni kernel tí o kọ́. Kò sí èyí tí OpenRC fà nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú aago. Ìwọ fúnra rẹ ti sọ ọ́ láìmọ̀: tí iná bá wà, àlàáfíà, tí iná bá lọ mọ́jú, wàhálà. Inú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, aago kékeré kan wà tó ń ka àkókò nígbà tí ẹ̀rọ bá kú. Bátìrì roboto kan bí owó ẹyọ ló ń bọ́ ọ, CR2032 ni wọ́n ń pè é, fólítì mẹ́ta. Láptọ́ọ̀pù tó ti lo bí ọdún mẹ́wàá kó tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, bátìrì yẹn sábà máa ń ti gbẹ. Tí bátìrì ńlá bá ṣì lágbára, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, torí pé ẹ̀rọ kì í pàdánù agbára pátápátá. Tìrẹ ti kú. Bí iná ṣe lọ, aago gbàgbé ohun gbogbo, ó sì padà sí ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú BIOS, ètò tó ń kọ́kọ́ jí nínú ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ tí iná bá tún lọ mọ́jú, kó o tó so okùn fóònù mọ́ ọn, tẹ méjèèjì yìí kí o sì kọ ohun tó bá jáde sílẹ̀:

date
hwclock --show

Tó o bá rí 2013 tàbí 2014 níbẹ̀, ọwọ́ ti ba olè.

Ẹni tó ń lo Ubuntu lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kó má mọ̀ ju pé bráúsà ń ké nípa certificate lọ. Gentoo kò lè gbé e bẹ́ẹ̀, torí orí àkókò ni iṣẹ́ kíkọ́ dúró lé. Ohun tí make, ètò tó ń darí kíkọ́, ń wò ni fáìlì wo ló tuntun ju èkejì lọ, òun ló fi ń mọ ohun tó kù láti kọ́. Wọ́n ti di ẹrù source ní 2024, ẹ̀rọ rẹ wá ń bí fáìlì tuntun ní 2013. Configure, tó ń yẹ ẹ̀rọ wò kí kíkọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wò ó, ó rí i pé ọmọ tí wọ́n bí lónìí dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ, ó sì kọ̀ láti tẹ̀ síwájú. Gpg náà rí ìfọwọ́sí tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ yìí, lójú tiẹ̀ ọjọ́ iwájú ló ti wá. Ka ohun tó kọ dé ìsàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó o bá "time warp or clock problem" níbẹ̀. Tó o bá ń lo ext4 (ọ̀nà kan tí a ń gbà to fáìlì sórí díìsìkì), fsck tó ń yẹ díìsìkì wò náà lè ti máa ké sí ọ pé "Superblock last mount time is in the future". Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ.

* * *

Àwọn kan tó ka èsì mi ti ń kọ̀wé sísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n bi mí pé ṣé irọ́ ni ọ̀rẹ́ àbúrò yìí tó kó lọ sí systemd ń pa. Kò purọ́. Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀.

Systemd kì í gbà kí aago padà sẹ́yìn jìnnà. Nígbà tó bá ń jí, tó bá rí i pé aago ti lọ sẹ́yìn ju ọjọ́ tí wọ́n kọ́ òun fúnra rẹ̀ lọ, á fà á síwájú. Tó o bá tún tan systemd-timesyncd, ìyẹn máa ń fi àkókò pamọ́ sórí díìsìkì léraléra nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, sínú /var/lib/systemd/timesync/clock. Bí iná bá já lójijì, nígbà tí ẹ̀rọ bá tún jí, ibi tó fi àkókò sí gbẹ̀yìn ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà bátìrì ọ̀rẹ́ rẹ ṣì gbẹ bí tìrẹ. Systemd kàn fi aṣọ bò ó ni. Iṣẹ́ tó dáa ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé OpenRC ń ba aago jẹ́.

OpenRC ní tiẹ̀ náà, swclock ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ṣe é fún ẹ̀rọ tí kò ní aago inú rárá. Ṣùgbọ́n hwclock, tó ń ka aago inú, ló wà níbẹ̀ látilẹ̀, ìwọ lo máa fọwọ́ ara rẹ pààrọ̀ rẹ̀:

rc-update del hwclock boot
rc-update add swclock boot

Má fi méjèèjì síbẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Swclock ní àléébù kan tí mi ò ní fi pamọ́ fún ọ. Ìgbà tí o bá pa ẹ̀rọ dáadáa ló máa ń fi àkókò sílẹ̀. Tí iná bá já mọ́ ọ lọ́wọ́, ìgbà tó o pa á dáadáa gbẹ̀yìn ló máa padà sí, ó lè jẹ́ àná, ó lè jẹ́ ijẹta. Ìyẹn sàn ju 2013 lọ fíìfíì, configure á sì dákẹ́. Àmọ́ gpg ṣì lè kọ ìfọwọ́sí òní tí aago bá wà ní ijẹta. Níbi tí iná ti ń já bí èyí tiwa, timesyncd ṣe ju swclock lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo fún systemd ní àmì ọ̀hún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé OpenRC ni èmi fúnra mi ń lò láti ìgbà pípẹ́.

Ìwòsàn gan-an ni kó o ra CR2032. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, èyí tí wọ́n ti lẹ wáyà méjì àti ẹnu kékeré mọ́ ni wọ́n ń lò. Má ra èyí tí kò ní wáyà kó o wá máa fi téèpù lẹ wáyà mọ́ ọn, mo ti rí bọ́ọ̀dù tó bàjẹ́ torí ẹ̀. Tú ìdí ẹ̀rọ, yọ ti àtijọ́, mú un dání lọ sọ́jà kí wọ́n fi ẹnu wáyà rẹ̀ wéra.

Lẹ́yìn náà, gbé chrony sí i kí aago máa tẹ̀ lé ti íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ tó o bá fẹ́ gbé e sí i, kọ́kọ́ fi ọwọ́ tún aago ṣe pẹ̀lú date, wo ti fóònù rẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ chrony gan-an ò ní ṣeé kọ́. Rí i pé ìlà yìí wà nínú /etc/chrony/chrony.conf:

makestep 1.0 3

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú àtúnṣe mẹ́ta àkọ́kọ́, tí aago bá fi ju ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣìnà, kó fò lọ síbi tó yẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan ní ntpd, tó ń ṣe irú iṣẹ́ chrony, lòun ń lò tí kò sì ran òun lọ́wọ́. Ntpd kì í fọwọ́ kan aago tó bá fi ju ìṣẹ́jú-àáyá 1000 ṣìnà, ṣe ló máa kú fúnra rẹ̀, àfi tí a bá fi -g sí i. Ẹni tí aago rẹ̀ wà ní 2013 ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣìnà.

* * *

RAM. Mo rí i pé ìjà pọ̀ lórí èyí. Ẹnìkan ní llvm ló ní àbùkù, pé kó dúró de èyí tó ń bọ̀. Ẹlòmíràn ní GCC (kọ́mpáìlà rẹ̀) ni kó dá padà sí ti àtijọ́. Méjèèjì ló ṣìnà, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tó kọ: Killed. Kọ́mpáìlà ò kú fúnra rẹ̀, kernel ló pa á, torí RAM tán. Tẹ dmesg, tó ń fi ohun tí kernel kọ sílẹ̀ hàn, lẹ́yìn tó bá ṣẹlẹ̀, wàá rí "Out of memory: Killed process" àti orúkọ cc1plus níbẹ̀.

Òṣùwọ̀n tí àwọn Gentoo ń fúnni ni pé kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní RAM 2GB. Ìwọ ní 4GB, o ní kí iṣẹ́ mẹ́jọ máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé tí kò gbà ju èèyàn méjì lọ, o pe mẹ́jọ sí i. Àpẹẹrẹ tó o wò jẹ́ ti ẹni tí RAM rẹ̀ tó 16GB. -j2 ni tìrẹ, tó o bá sì ṣí bráúsà sílẹ̀, -j1. Fún àwọn ẹrù tó wúwo, ya tiwọn sọ́tọ̀. Kọ MAKEOPTS="-j1" sínú /etc/portage/env/okan.conf, kí o wá kọ èyí sínú /etc/portage/package.env:

llvm-core/llvm okan.conf

Fi swap (àyè lórí díìsìkì tí kernel ń lò bí RAM bá kún) sí i, 4GB ó kéré tán, kí o sì lo zram, tó ń fún ohun inú RAM pọ̀ kó lè gbà sí i. Lórí OpenRC, sys-block/zram-init ni. Lórí systemd, zram-generator.

Mo tún fẹ́ kí o mọ ìyàtọ̀ kan. Tí kọ́mpáìlà bá kú pẹ̀lú "internal compiler error: Segmentation fault", tó sì jẹ́ pé ibi tó ti ń kú ń yàtọ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀rọ ni kí o fura sí, kì í ṣe Gentoo. Tí àbùkù bá wà nínú source, ojú kan náà ló máa kú sí nígbà gbogbo. RAM tó ti bàjẹ́ tàbí ooru ló máa ń ṣí kiri. Fi memtest86+ dán RAM wò mọ́jú. Ooru náà kì í ṣe nǹkan kékeré níbí. Lásìkò ọyẹ́, mo ti tú láptọ́ọ̀pù tí eruku di fáànù rẹ̀ pa bí òwú. Gentoo ń lo CPU tán pátápátá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ohun tí kíkọ Word kì í ṣe. Nu fáànù, pààrọ̀ ọ̀rá (thermal paste) tó wà láàárín CPU àti irin.

* * *

Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ọ̀yọ́ fèsì, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn torí wọ́n ti wà nídìí Linux ṣáájú mi. Wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀rọ tí kò ní bátìrì, iná tí kò dúró, dátà tó wọ́n, ẹ tún ń kọ́ gbogbo nǹkan láti source. Kí ọmọ náà gbé Debian, Linux tí wọ́n ti kọ́ tán, kó jókòó kàwé rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín. Tó bá jẹ́ pé ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀rọ ò ṣí rárá, èmi náà á sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ rò nípa Gentoo jẹ́ ti ìgbà kan. Láti ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n ti ń gbé ẹrù tí wọ́n ti kọ́ tán síta fún amd64 àti arm64. Ọmọ yìí lè gba llvm tí wọ́n ti kọ́ tán, kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ohun tó fẹ́ yí USE rẹ̀ (ohun tí èèyàn yàn kí ẹrù ní tàbí kó má ní) padà nìkan:

getuto
emerge --ask --getbinpkg --update --deep --changed-use @world

Àwọn kan á ní tó o bá ń gba èyí tí wọ́n ti kọ́ tán, kí lo wá wá sí Gentoo. Mi ò gbà. Ohun tó mú mi wá síbí ni ẹ̀tọ́ láti yan. Yíyàn pé mi ò ní fi iná ìrọ̀lẹ́ kan ṣòfò lórí llvm, yíyàn náà ni.

Kìlọ̀kìlọ̀ méjì. Oríṣi méjì ni wọ́n ń kọ́ fún amd64: x86-64 lásán, àti x86-64-v3. V3 nílò AVX2, àkójọ àṣẹ kan nínú CPU. Core i5 ìran kẹrin ní i, nítorí náà àbúrò wa lè lò ó. Ẹni tó bá ní ìran kẹta tàbí kejì, tó bá fi v3 sí i, "Illegal instruction" ló máa rí. Èyí máa sọ fún ọ:

/lib64/ld-linux-x86-64.so.2 --help

Wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, wàá rí "supported" lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ̀rọ rẹ gbà. Ìkejì ni pé tí USE rẹ bá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi kọ́ ọ, Portage, ètò tó wà lẹ́yìn emerge, lè padà sí source láìpariwo. Wo àtòjọ kó o tó tẹ Yes. Àwọn ẹrù ọ̀hún náà ní ìfọwọ́sí gpg, tí aago bá ṣì wà ní 2013, wọn ò ní wọlé.

Ní ti dátà, --fetchonly ni kí o máa fi kó ẹrù lóru nígbà tí dátà dínwó, kí o kọ́ ọ lọ́sàn-án láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi àti ẹnìkan ní Sábó máa ń fi flash pín /var/cache/distfiles láàárín ara wa. Ẹrù tí ọ̀kan bá ti kó, èkejì ò tún ná dátà lé e. Emerge-webrsync náà dára fún nẹ́tíwọọ̀kì tó ń já, torí fáìlì kan ṣoṣo ló ń kó wá dípò ẹgbẹẹgbẹ̀rún wínníwínní.

* * *

Ẹnìkan bèèrè pé tí iná bá já láàárín kíkọ́, ṣé sísítẹ́ẹ̀mù ò ní bàjẹ́. Ìbéèrè gidi nìyí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba àwọn èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ.

Inú /var/tmp/portage ni gbogbo kíkọ́ ti ń wáyé, kò sí ohun tó kan sísítẹ́ẹ̀mù rẹ. Tí iná bá já níbẹ̀, àkókò lo pàdánù. Emerge --resume á bẹ̀rẹ̀ ẹrù yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń dunni tó bá ti lo wákàtí mẹ́ta. Ibi tí ewu wà ni ìgbà tó ń kó fáìlì láti ibẹ̀ lọ sínú /usr. Ìgbà kúkúrú ni, àmọ́ tí iná bá já níbẹ̀, o lè bá fáìlì tí kò sí nǹkankan nínú rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀rọ jí, ṣùgbọ́n kò sí àwòrán, ìdajì ọjọ́ ni mo fi ń dá X, tó ń gbé àwòrán jáde, lẹ́bi kí n tó rí i pé library kan (fáìlì tí àwọn ètò ń pín lò) ti di òfìfo. Gbé app-portage/portage-utils sí i, kí o tẹ:

qcheck

Á sọ gbogbo fáìlì tí kò bá ohun tí Portage kọ sílẹ̀ mu. Èyí tó bàjẹ́, emerge --oneshot tún un kọ́. Má fòyà fún àwọn fáìlì inú /etc tí ìwọ fúnra rẹ tún ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

Ohun tó ran èmi lọ́wọ́ jù ni pé mo ra bátìrì ńlá tuntun fún láptọ́ọ̀pù mi kí n tó ra ohunkóhun mìíràn. Wákàtí méjì péré ló ń gbé e, ṣùgbọ́n wákàtí méjì yẹn tó láti pa ẹ̀rọ jẹ́ẹ́jẹ́.

* * *

Ìjà ti padà dé orí systemd. Ẹnìkan kọ̀wé pé ẹni tó bá lo systemd ti ta Linux. Ẹlòmíràn ní OpenRC ti di òkú. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n sọ̀rọ̀, torí ọmọdé tó bá ka irú èyí á lọ tú ẹ̀rọ rẹ̀ palẹ̀ láìnídìí.

2010 ni Lennart Poettering àti Kay Sievers gbé systemd jáde. Fedora 15, irú Linux mìíràn, gbà á ní 2011. Àwọn Debian jà lórí rẹ̀ títí tí ìgbìmọ̀ wọn fi dìbò ní 2014, àwọn tó bínú jáde lọ dá Devuan, Debian tí kò ní systemd, sílẹ̀. Ìjà gidi ni, ó sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú ẹ̀rọ OpenRC yín lónìí. Níbo ni udev, tó ń dá àwọn ohun tí a so mọ́ ẹ̀rọ mọ̀, ti wá? Àwọn Gentoo ya eudev sọ́tọ̀ ní 2012 kí wọ́n má bàa gbára lé systemd, ní 2021 wọ́n ní àwọn ń fi í sílẹ̀. Lónìí, sys-apps/systemd-utils ló ń gbé udev wá fún ẹni tó ń lo OpenRC. Elogind tó ń jẹ́ kí KDE (ojú iṣẹ́ alaworan) mọ ẹni tó wọlé, inú systemd ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹni tó ní òun ò fi ẹnu kan systemd ń jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ láti àárọ̀.

Èmi ń lo OpenRC torí mo lè ṣí fáìlì tó ń gbé iṣẹ́ kan dìde, kí n kà á, kí n mọ ibi tó ti kú. Àmọ́ journalctl -b -1 tó ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ kí iná tó já hàn, mo ń jowú rẹ̀. Lórí OpenRC, ìwọ lo máa yan ẹni tí yóò máa kọ ìwé àkọsílẹ̀. Sysklogd ni mo fi sí tèmi, mo sì tan rc_logger="YES" nínú /etc/rc.conf. Tí o kò bá yan ọ̀kankan, kò sí ohun tó máa kọ sílẹ̀, wàá wá máa wá àìsàn láìsí ẹlẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ tó ní OpenRC ò ṣeé tún ṣe, wọn ò yan èyí rí.

Kíkó lọ láàárín méjèèjì ń ná èèyàn: profile (àkójọ ètò ìpìlẹ̀ Gentoo) á yí padà, USE á yí padà, ọ̀pọ̀ ẹrù á di àtúnkọ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe é, kó ṣe é nígbà ìsinmi, torí pé ó fẹ́ ohun tí systemd ní. Kó má ṣe é torí bátìrì CR2032. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

* * *

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé Wi-Fi. Àbúrò, o kọ ìlà yìí ránṣẹ́ láti inú dmesg:

Direct firmware load for iwlwifi-7260-17.ucode failed with error -2

-2 túmọ̀ sí pé ó wá fáìlì náà, kò rí i. Tí sys-kernel/linux-firmware, àwọn fáìlì tí Wi-Fi nílò kó tó jí, ò bá sí lórí ẹ̀rọ, gbé e sí i. Ṣùgbọ́n o ní ó ti wà níbẹ̀, fáìlì náà sì wà nínú /lib/firmware. Nígbà náà mo mọ ohun tó ṣe. Y (kó wà nínú kernel fúnra rẹ̀) lo fi sí iwlwifi, driver tó ń darí Wi-Fi, nígbà tó ò ń ṣe kernel, àbí? Tí driver bá wà nínú kernel fúnra rẹ̀, ó ń jí kí díìsìkì tó ṣí, ó wá firmware, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Fi M sí i kó di module, apá kernel tó ń wọlé nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀, kó dúró dìgbà tí díìsìkì bá ti ṣí.

Ohun kan náà gan-an ló ṣe mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo gé kernel mi kéré títí mo fi yọ USB_NET_RNDIS_HOST, ohun tó ń jẹ́ kí okùn fóònù gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá. Wi-Fi ò sí, okùn fóònù ò sí, mo sì ti pa kernel àtijọ́ rẹ́. Flash ni mo fi padà wọlé, mo chroot (mo wọnú sísítẹ́ẹ̀mù mi láti orí flash náà), alẹ́ odindi kan ló gbà. Láti ọjọ́ náà, kernel méjì ló máa ń wà nínú /boot mi, mo sì máa ń sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé kó fi sys-kernel/gentoo-kernel-bin bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ driver wà nínú rẹ̀ ní module, initramfs rẹ̀ (àpò kékeré tó ń ṣí ọ̀nà sí díìsìkì) sì mọ díìsìkì. Ẹni tó bá wù á kó kọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí èyí tó ń ṣiṣẹ́ ti wà nílẹ̀.

* * *

Àbúrò ti padà dé. Ó ní iná lọ mọ́jú àná, òun tẹ hwclock --show láàárọ̀, 1 January 2013 ló bá. Ó fi -j2 àti zram sí i, llvm sì wọlé láti ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ tán. Gentoo-kernel-bin ti wà lórí ẹ̀rọ, Wi-Fi ń ṣiṣẹ́. Ó ku bátìrì. Ó ní òun tú ìdí láptọ́ọ̀pù náà, òun ò rí CR2032 kankan.

Wo abẹ́ kíbọ́ọ̀dù tàbí ẹ̀gbẹ́ RAM. Nínú àwọn kan, wọ́n fi rọ́bà dúdú tàbí yẹ́lò wé e, kì í dàn bí owó ẹyọ mọ́. Tẹ̀lé wáyà pupa àti dúdú tó tín-ín-rín tó lọ sórí bọ́ọ̀dù. Yọ okùn iná kúrò lára ẹ̀rọ kó o tó fà á, má fi irin tì í. Tó ò bá ṣì rí i, gbé e wá bá mi ní Sátidé, má de ìdí rẹ̀ padà, kí síkúrù má bàa sọnù.